Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Bíárìn Ẹsẹ̀ Iwájú Jíìpù Àtijọ́, Àti Bí A Ṣe Ń Sẹ́ẹ̀tì Rẹ̀

Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni Land Cruiser àti Hilux àtijọ́, àwọn tí áásù iwájú wọn jẹ́ gbọọrọ kan láti táyà dé táyà, tí nọ́ọ̀tì ńlá méjì sì di họ́ọ̀bù wọn (irin àárín tí a ń de táyà mọ́) mú. Wọ́n ṣì pọ̀ ní Iléṣà. Àwọn ló ń kó kòkó jáde láti oko, àwọn náà ló ń gbé àwọn tó ń wa góòlù lọ sí ọ̀nà Ìgùn àti Itagunmodi. Omi odò àti ẹrẹ̀ pupa ló ń pa bíárìn wọn (òrùka tó kó rólà irin wẹ́wẹ́ sínú, tí táyà fi ń yí) ju ọjọ́ orí lọ.

Títú u kò le. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ti lè fọwọ́ mọ sípánà 13 yàtọ̀ sí 14 lè tú u. Ibi tí wọ́n ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni nọ́ọ̀tì inú, nígbà tí wọ́n bá ń dì í padà. Ibẹ̀ ni n ó lóṣòó sí bí òṣómàáló tó wá gbowó. Àwọn ibi yòókù, n ó kàn fọwọ́ bà wọ́n kọjá ni.

Ṣé bíárìn ni lóòótọ́?

Bíárìn tó ń kú a máa kùn hùn-ùn, ariwo náà a sì máa ròkè bí eré ọkọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i. Tí ẹ bá yí sítíà, ó lè dínkù tàbí kó pọ̀ sí i, nítorí ẹrù ọkọ̀ ti fì sí ẹsẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n táyà tó jẹ ṣégeṣège náà ń kùn bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ má tíì sáré lọ ra ọjà. Ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ fà á, kí ẹ tì í. Bó bá ń mì, ẹ ní kí ẹnì kan wọlé kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ tún mì í. Bí mímì náà bá dá, bíárìn ni. Bí kò bá dá, kíńpììnì (ibi tí ẹsẹ̀ náà ti ń yí sọ́tùn-ún sósì) ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ di ọ̀tún àti òsì táyà mú ló tó mì, tàì-ródù (ọ̀pá tó ń darí táyà bí ẹ bá yí sítíà) ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Mo mọ ẹni tó pààrọ̀ bíárìn ẹsẹ̀ méjèèjì tán tí jíìpù rẹ̀ ṣì ń mì, nítorí pé kò sẹ́ni tó bá a tẹ bíréèkì.

Ohun èlò

Sọ́kẹ́ẹ̀tì mílímítà 54 ni olórí gbogbo wọn. Ẹni tí kò bá ní i, kó má bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa gbọ́ pé “ṣísù àti hámà náà ń tú u.” Òótọ́ ni, wọ́n ń tú u. Ẹ wo ẹnu nọ́ọ̀tì jíìpù èyíkéyìí tó ti dé ọ̀dọ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí bó ṣe ya jágajàga. Ẹni tó fi ṣísù tú u kò ní ṣàì fi ṣísù dì í, ẹni tó bá sì ń fi ṣísù dì í, kò lè mọ bó ṣe le tó. Bí owó bá wọ́n, ẹ mú nọ́ọ̀tì àtijọ́ kan lọ bá wẹ́dà kó fi wọ̀n páìpù irin, yóò rọ ọ̀kan fún yín. Kò ní lẹ́wà, ṣùgbọ́n yóò ṣiṣẹ́.

Èkejì ni síkéèlì oníkọ̀ọ́, irú èyí tí àwọn ẹlẹ́ja ń lò lọ́jà Atakúnmọ́sà. Kí ó sáà ti lè wọn kílò 10, ó ti tó. A ó lò ó fún iṣẹ́ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níwájú. Lẹ́yìn èyí, ẹ nílò páìpù tó gùn díẹ̀ ju mítà kan lọ, ọ̀pá idẹ fún gbígbá nǹkan, pláyà sákílípì (èyí tí a fi ń yọ òrùka irin tó há sẹ́nu ṣáàfù), kẹrosíìnì, àti ẹsẹ̀ irin tí ẹ ó gbé ọkọ̀ lé. Bí kò bá sí ẹsẹ̀ irin, ẹ gé ìtì igi tó nípọn. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù gbé ọkọ̀. Búlọ́ọ̀kù kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó fọ́.

Ní ti ọjà, ẹ ra bíárìn inú, bíárìn ìta, ọ́ìlì sílì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí gíríìsì jò) àti wáṣà onítẹ́ (èyí tí a ń tẹ́ ẹnu rẹ̀ mọ́ nọ́ọ̀tì) tuntun fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣòwò, kí ẹ sì fi nọ́ńbà tó wà lára irin wéra. Ara irin ni kí ẹ ti kà á, ẹ má ka ti páálí, nítorí páálí ṣeé tẹ̀ nílé ẹnikẹ́ni. Èmi a máa yan Koyo, NSK, NTN tàbí Timken. Bí n kò bá rí wọn, mo fẹ́ràn tòkúnbọ̀ tó mọ́ láti Ládípọ̀ tàbí láti Gate ní Ìbàdàn ju tuntun tí kò lórúkọ lọ, kí ó sáà ti wá pẹ̀lú kọ́ọ̀pù tirẹ̀, òrùka irin tó ń yí nínú rẹ̀.

Gíríìsì ńkọ́? Oní-lithium nọ́ńbà 2, tí wọ́n kọ ọ́ sára agolo rẹ̀ pé ti bíárìn táyà ni. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n sínú ọ̀rá, ẹ fi kun ìlẹ̀kùn géètì.

Títú u

Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì táyà kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sókè. Táyà kúrò, kálípà bíréèkì kúrò, kí ẹ sì fi wáyà so kálípà náà rọ̀ mọ́ sípíríìn. Bí ẹ bá jẹ́ kó fi họ́ọ̀sì rọ̀, họ́ọ̀sì á ya nínú níbi tí ojú kò ti lè rí i.

Ẹ tú ìdérí firíwíìlì (èyí tó wà lójú họ́ọ̀bù, tó ń so ṣáàfù, ọ̀pá tó ń yí táyà, mọ́ họ́ọ̀bù), ẹ yọ sákílípì tó wà lẹ́nu ṣáàfù, kí ẹ wá tú nọ́ọ̀tì mẹ́fà tó di ara firíwíìlì mú. Ó máa dà bíi pé ó ti lẹ̀ mọ́bẹ̀. Kò lẹ̀. Wáṣà kóró-kóró tó rí ṣóńṣó ló há sára sítọ́ọ̀dù (bóòtù tí a gbìn sára họ́ọ̀bù) kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọ̀pá idẹ gbá ara họ́ọ̀bù yí ká, wọn á máa ta jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi sukurudíráfà yọ wọ́n.

Ẹ tẹ́ ẹnu wáṣà tó di nọ́ọ̀tì ìta mú padà, ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ yọ wáṣà, ẹ tú nọ́ọ̀tì inú, ẹ yọ wáṣà tó wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń fa họ́ọ̀bù bọ̀, ẹ fi àtàǹpàkò di bíárìn ìta mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ inú iyanrìn ni yóò bọ́ sí.

Ẹ fi kẹrosíìnì fọ gbogbo rẹ̀. Pẹtiróòlù kọ́ o. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan gbé bíárìn lọ sídìí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọkanáísà kó máa fi afẹ́fẹ́ yí i bí òkòtó. Ó máa ń dùn mọ́ wọn gan-an, ṣùgbọ́n bí kéèjì rẹ̀ (agbọ̀n tó kó rólà jọ) bá já níbi tó ti ń yí, ojú ni rólà yóò bá.

Bí gíríìsì tó wà nínú họ́ọ̀bù bá ti ṣàn bí omi tó sì ń rùn bí ọ́ìlì gíà, ọ́ìlì sílì inú áásù ti lọ. Ẹ tún ìyẹn ṣe kí ẹ tó tẹ̀síwájú, torí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni yóò fi fọ gíríìsì tuntun náà dànù. Ẹ tún fi èékánná họ ara sípíńdù (ọ̀pá irin tí họ́ọ̀bù ń yí lórí rẹ̀), níbi tí bíárìn inú ń jókòó. Bí èékánná bá ń há, bíárìn ti yí lórí rẹ̀ rí, sípíńdù náà sì di pípààrọ̀.

Kọ́ọ̀pù

Kọ́ọ̀pù ni òrùka irin tó há sínú họ́ọ̀bù. Nítorí pé ó há, tí ó sì ń dán lójú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi í sílẹ̀, wọ́n á kàn ju bíárìn tuntun sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe é. Bíárìn àti kọ́ọ̀pù jọ ń jẹra wọn ni, ojú kọ́ọ̀pù tó ti jẹ kò bá bíárìn tuntun mu, wọn ò sì ní pẹ́ tí wọn á fi bára wọn jà.

Ẹ ti ẹ̀yìn fi ọ̀pá idẹ gbá a jáde, ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ tún bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kí tuntun tó wọlé, mo máa ń gbé e sínú fíríìsà oníyìnyín àdúgbò mọ́jú. Irin tó tutù a máa súnkì. Bí kò bá síná, ó ṣì máa wọlé, ẹ̀yin lẹ ó kàn làágùn. Ẹ fi ẹ̀rọ gígé la kọ́ọ̀pù àtijọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan kó má baà há, kí ẹ gbé e lé tuntun lórí, kí ẹ máa gbá a. Etí ni yóò sọ fún yín pé ó ti jókòó: ìró rẹ̀ á yí padà láti kò-kò sí kán-kán tó le.

Kíkì gíríìsì

Ẹ bu gíríìsì sí àtẹ́lẹwọ́ òsì. Ẹ di bíárìn mú lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ẹ máa fi ẹnu rẹ̀ tó fẹ̀ gún gíríìsì náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́, títí yóò fi máa yọ lókè láàárín àwọn rólà. Ẹ yí i díẹ̀, ẹ tún gún un, títí yóò fi yí po. Kíkùn ún lára kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ fi díẹ̀ sínú họ́ọ̀bù náà, àmọ́ ẹ má kì í kún. Bíárìn inú wọlé, ọ́ìlì sílì tẹ̀ lé e dọ́gba pẹ̀lú ẹnu họ́ọ̀bù, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa ètè rẹ̀. Họ́ọ̀bù padà sórí sípíńdù, bíárìn ìta tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà wáṣà tó ní ahọ́n. Ahọ́n náà gbọ́dọ̀ wọ inú ihò tààrà tó wà lára sípíńdù.

Nọ́ọ̀tì inú

Ẹ fi ara balẹ̀ níbí.

Ìwà méjì ló wà. Àwọn kan á fún un títí ẹsẹ̀ wọn á fi gbọ̀n, nítorí wọ́n rò pé nọ́ọ̀tì tó le ni nọ́ọ̀tì tó dáa. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dé Àkúrẹ́ kí họ́ọ̀bù tó gbóná. Gíríìsì á yọ́ dànù, rólà á pọ́n, á dúdú, bíárìn á sì jó mọ́ sípíńdù. Níbẹ̀, táyà lè bọ́ lójú ọ̀nà. Àwọn kejì ti gbọ́ ìtàn àwọn àkọ́kọ́, wọ́n á wá dẹ ẹ́ sílẹ̀ kó máa mì, “kó lè mí.” Èyí a máa jẹ́ kí dísìkì máa ti páàdì bíréèkì sẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ bíréèkì á fi máa rì nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ fojú inú wo ìyẹn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Kálípà kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 54 dì nọ́ọ̀tì inú, ẹ fi páìpù bọ ẹnu háńdù rẹ̀, kí ẹ fi síkéèlì ẹlẹ́ja kọ́ ọ ní ibi tó jìnnà sí àárín nọ́ọ̀tì ní mítà kan gééré. Ẹ fà á ní ìbú títí síkéèlì á fi ka kílò 6. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 60 Nm (òṣùwọ̀n bí a ṣe ń fún nọ́ọ̀tì le tó) tí ìwé ọkọ̀ ń fẹ́, ẹ kò sì ra sípánà olówó ńlá. Kí ẹnì kejì máa yí họ́ọ̀bù síwá sẹ́yìn ní gbogbo àkókò tí ẹ bá ń fún un. Bí họ́ọ̀bù kò bá yí, rólà kò ní jókòó dáadáa lójú kọ́ọ̀pù, gbogbo ohun tí ẹ bá sì wọ̀n lẹ́yìn náà irọ́ ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì náà títí ìka yóò fi lè yí i. Ẹ tún fi ọwọ́ nìkan fún un, kí ẹ wá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sún un díẹ̀ sí i. Ẹ fi síkéèlì kọ́ sítọ́ọ̀dù táyà kan, ẹ fà á gba ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wo iye tó kà nígbà tí họ́ọ̀bù ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yí. Kílò 2.8 sí 5.6 ni ìwé àwọn jíìpù àtijọ́ yìí sọ. Èmi máa ń dúró sí nǹkan bíi 4. Bó bá kéré, ẹ fún un díẹ̀. Bó bá pọ̀, ẹ dẹ ẹ́.

Ẹ kò tíì ṣe tán. Ẹ fi wáṣà onítẹ́ tuntun sí i, ẹ fún nọ́ọ̀tì ìta pẹ̀lú páìpù àti kílò 6 yẹn, kí ẹ tún wọn họ́ọ̀bù. Ẹ ó rí i pé ó ti le ju bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ, torí nọ́ọ̀tì ìta ti ti ti inú wọlé. Ibí ni ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó mọ iṣẹ́ àti ẹni tó ń kánjú. Ẹ tú ti ìta, ẹ dẹ ti inú bí irun orí, ẹ dì ti ìta padà, ẹ wọ̀n ọ́n. Ó lè gbà yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí òjò bá ń ṣú, ẹ fi tápólì bo họ́ọ̀bù kí ẹ lọ jẹun, ẹ má ní “á ṣe é báyìí.”

Ìgbà tí nọ́ńbà bá pé lẹ́yìn tí ti ìta ti le, ni kí ẹ tó tẹ́ ẹnu wáṣà: ọ̀kan sínú, mọ́ ara nọ́ọ̀tì inú, èkejì síta, mọ́ ara nọ́ọ̀tì ìta. Ẹnu wáṣà tó ti tẹ̀ rí a máa ṣẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ra tuntun.

Dídì í padà

Firíwíìlì padà síbẹ̀, kóró-kóró mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà sí ipò wọn. Sákílípì ni yóò fẹ́ yọ yín lẹ́nu, torí ṣáàfù á ti wọlé lọ. Ẹ wé bóòtù mílímítà 8 sínú ihò tó wà lẹ́nu ṣáàfù, kí ẹ fi fà á jáde títí ibi tí sákílípì ń jókòó á fi yọ.

Kálípà, táyà, ó tán. Kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi le. Ẹ wà á lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà kí ẹ sì padà, kí ẹ fọwọ́ kan họ́ọ̀bù méjèèjì. Ó yẹ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ọwọ́ kò bá lè dúró lórí ọ̀kan nínú wọn, ẹ má wà á lọ síbòmíràn. Ẹ tú u, ẹ tún un wọ̀n. Lẹ́yìn kìlómítà 1,000, ẹ tún gbé e sókè kí ẹ mì í wò.

Fún àwọn tó ń bá odò pàdé: bí ẹ bá débẹ̀ tí họ́ọ̀bù ṣì gbóná, ẹ dúró kó tutù. Irin gbígbóná tó bọ́ sínú omi tútù á fa omi wọlé gba ojú sílì. Bí odò bá sì bo họ́ọ̀bù mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ ṣí i wò láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Gíríìsì tó bá ti funfun ti gba omi, ẹ fọ̀ ọ́ dànù, kí ẹ kì í ní òmíràn.