Mo Lọ Fọwọ́ Kan Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì Greensted

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá mi, ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi fà sí ṣọ́ọ̀ṣì Greensted ní Essex. Igi ni ògiri rẹ̀, wọ́n sì kà á sí ọ̀kan lára àwọn ilé onígi tó pẹ́ jù lọ tó ṣì dúró ní Yúróòpù.

Láti Lọ́ńdọ̀nù, mo wọ ọkọ̀ ojú irin Central Line títí dé Epping tó parí sí, mo tún wọ bọ́ọ̀sì dé Ongar. Ẹsẹ̀ ni mo fi rin ìyókù, bíi máìlì kan láàárín oko, lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Essex Way. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹ wọ bàtà òjò. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ilé náà kéré, ògiri sì ni mo lọ bá tààrà. Ìtì igi oak ni wọ́n là sí méjì, tí wọ́n nà ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ̀yìn igi kọjú síta, ojú tí wọ́n là kọjú sínú. Wọ́n fa ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá ki pákó pẹlẹbẹ sáàárín igi méjì-méjì kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè wọlé. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọ̀kan, mi ò sì tètè gbé e kúrò.

Tẹ́lẹ̀, ọdún 845 ni wọ́n máa ń sọ pé wọ́n kọ́ ọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ka òrùka inú igi náà ní àwọn ọdún 1990, wọ́n rí i pé lẹ́yìn 1050 ni wọ́n gé e. Nígbà tó fi di 1848, ìsàlẹ̀ igi ti jẹrà, ni wọ́n bá gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n mọ bíríkì sábẹ́ ìyókù. Ọdún 1848 yẹn kan náà ni Àjàyí Crowther rí i tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta. Ìgbàgbọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gbòǹgbò lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ̀ ògiri tibí ti gbó!

Inú rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Ihò kékeré kan wà lára ògiri tí wọ́n ń pè ní ihò adẹ́tẹ̀, pé ibẹ̀ ni àwọn adẹ́tẹ̀ ti ń wo ìsìn láti ìta, àwọn mìíràn sì ní ibi tí wọ́n ń gbé omi mímọ́ sí ni. Ibí náà ni James Brine ti gbéyàwó ní 1839, ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe oko mẹ́fà láti abúlé Tolpuddle tí wọ́n kó lọ sí Ọsirélíà ní 1834 torí pé wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀.

Mo pe bàbá mi lórí fóònù láti ẹnu ọ̀nà.

"Báwo ni wọ́n ṣe so igi yẹn pọ̀?"

Mo ṣàlàyé ihò àti pákó pẹlẹbẹ náà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Bí mo ṣe ṣe ilẹ̀kùn pálọ̀ wa náà nìyẹn."