Bí mo ṣe yọ nọ́ńbà oníbàárà kúrò lára ẹrù

Aṣọ òfì ni mo ń tà. Ọjà Ọjẹ ni mo ti ń rà á, orí Instagram àti WhatsApp ni mo ti ń tà á. Bí ẹ bá ti fi ẹrù ránṣẹ́ láti gáréèjì Ìwó Road rí, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹ ó di ẹrù sínú ọ̀rá, ẹ ó mú máákà, ẹ ó kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ gàdàgbà-gadagba sí i lára. Kó tó dé Òṣogbo tàbí Àkúrẹ́, agbèrò ti rí nọ́ńbà yẹn, awakọ̀ ti rí i, èrò tó jókòó ti ẹrù náà ti rí i. Ti àwọn dispatch tó ń fi ọ̀kadà gbé e kiri ìgboro Ìbàdàn kò yàtọ̀, àfi pé inú gúrúùpù WhatsApp ni tiwọn máa ń wà, tí gbogbo wọn á jọ máa wò ó.

Oníbàárà mi kan ní Akobo ló fi ohun tí ẹni tó gbé aṣọ wá fún un kọ ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà hàn mí: "Ẹ rẹwà gan-an, ṣé ẹ ti lọ́kọ?" Kò bá mi jà. Ohun tó sọ ò ju, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn ní nọ́ńbà mi mọ́." Mo wá jókòó, mo ro ó pé kí gan-an ni ẹni tó ń gbé ẹrù ń fi nọ́ńbà ṣe. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan wà nílé. Ó fẹ́ béèrè ọ̀nà. Ó sì fẹ́ mọ̀ pé ẹni tó na ọwọ́ gba ẹrù ló ni ín. Mo rí i pé àtẹ̀jíṣẹ́ láti ṣọ́ọ̀bù lè ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá èèyàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ púpọ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ló ń hàn lójú fóònù oníbàárà; kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 11 lọ, àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù sì ní láti fọwọ́ sí i kí a tó lò ó. Ẹ ṣọ́ra níbi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ mú ọ̀nà tí ẹ fẹ́. Ọ̀nà ìpolówó wà, ọ̀nà ìfitónilétí náà wà. Ẹni tó bá ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 láti dá àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó dúró kò ní rí èyí tó bá gba ọ̀nà ìpolówó, ẹ ó sì máa rò pé ó ti rí i. Ọ̀nà ìfitónilétí ni mo mú, mo sì pinnu pé "ọjà tuntun ti dé" kò ní gba ibẹ̀ kọjá láé. Torí kí aṣọ lè dé ọwọ́ wọn ni wọ́n ṣe fún mi ní nọ́ńbà, kì í ṣe torí ẹ̀dínwó Iléyá. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2023 lórí ààbò dátà sọ bẹ́ẹ̀ náà: ohun tí o torí ẹ̀ gba dátà èèyàn ni kí o fi ṣe, má sì tọ́jú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ibi tó gbà mí lákòókò jù ni ọ̀rọ̀ tí màá kọ. Yorùbá ni mo fẹ́ kọ, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba ohun kikọ 160, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi ẹyọ ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo sí i, ó di 70. Àmì náírà (₦) pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà à àti è wà nínú àwọn tí ètò àtẹ̀jíṣẹ́ mọ̀, nítorí pé àwọn èdè Yúróòpù kan ń lò wọ́n. Tiwa tó ní àmì nísàlẹ̀ ni kò sí. Èyí tí mo bá sì kọ tàmìtàmì, owó àtẹ̀jíṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀. Ó dùn mí, àmọ́ mo bọ́ àmì náà sílẹ̀. Bó ṣe rí nìyí:

"E nle o, eru yin ti kuro ni Oje. Yoo de laarin aago 2 si 4 osan. Koodu yin ni 4821: e ma so o ayafi ti eru ba ti de enu ona yin."

Mi ò dárúkọ aṣọ, mi ò dárúkọ iye owó. Àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń yọ lójú fóònù tó wà lórí tábìlì, ìyàwó tí ọkọ ń ra aṣọ fún ní bòókẹ́lẹ́ lè jókòó tì í. Mi ò sì fi líǹkì kankan sí i, nítorí "ẹrù yín há, ẹ tẹ ibí" ni àwọn gbájúẹ̀ ń fi ránṣẹ́.

Dispatch kò mọ kóòdù náà tẹ́lẹ̀. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà, oníbàárà á sọ ọ́ fún un, òun á fi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù, a ó dáhùn pé kó gbé e sílẹ̀. Ní ti ọ̀nà, ẹ mọ àdírẹ́sì Ìbàdàn: "bí ẹ bá dé iwájú ilé búrẹ́dì, ẹ yà sọ́wọ́ òsì, ẹ béèrè ilé Alájá." Bó bá sọnù, láìnì ṣọ́ọ̀bù ló máa pè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá mi jókòó níbẹ̀ á pe oníbàárà, á so ìpè méjèèjì pọ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀ tán láìrí nọ́ńbà ara wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn dispatch náà fajú ro. "Mọ́mì, ẹ ò wá fọkàn tán wa mọ́ nìyẹn?" Mo ní, "Bí nọ́ńbà wọn ò bá sí lọ́wọ́ yín, ta ló máa sọ pé ẹ̀yin lẹ yọ ìyàwó òun lẹ́nu?" Ó rẹ́rìn-ín. Àṣé ọkọ oníbàárà kan ti fẹ́ tìtorí irú ẹ̀ lù ú ní Àpáta rí. Òun ló wá ń ṣàlàyé fún àwọn yòókù. Mo ti gúrúùpù náà pa. Èyí tó ti wà nínú fóònù wọn tẹ́lẹ̀, kò sí bí mo ṣe lè gbà á padà.

Àwọn ará gáréèjì ló le jù. Awakọ̀ ò ní gbé ẹrù tí kò ní nọ́ńbà lára. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù ni mo ń kọ sí i báyìí, pẹ̀lú orúkọ àkọ́kọ́ oníbàárà àti nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú tirẹ̀. Tí mọ́tò bá ti gbéra, mo fi nọ́ńbà awakọ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà, kó fúnra rẹ̀ pinnu bóyá òun á pè é. Àwọn awakọ̀ kan gbà, àwọn kan ò gbà rárá, àwọn tí ò gbà ni mi ò kó ẹrù fún mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí aṣọ bá ti dé, bí ẹni tó rà á ò bá sọ pé òun fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, a ó pa nọ́ńbà náà rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, a ó sì fa ojú ìwé tí a kọ ọ́ sí ya. Àwọn tó bá ní ká tọ́jú tàwọn ló ń kù. Màmá kan ní Bódìjà wà nínú wọn. "Ìwọ ọmọ yìí, ojú mi ò lè ka wínníwínní yẹn, pè mí jàre." Irú wọn la ṣì ń pè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fi bírò pupa kọ "pè é" síwájú orúkọ wọn.