Bí mo ṣe gba àṣẹ láti lo spíkà nínú páàkì ní New York
Ìyá wa pé 70, a fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀ nínú páàkì kan ní Brooklyn. Mo san $25 fún ìwé àṣẹ páàkì, nítorí a ju 20 lọ. Àṣé ìwé yẹn ò kan spíkà rárá! Mo kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ páàkì lẹ́ẹ̀mejì, pàbó. Mo ní ká kúkú yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n ní ó ṣì nílò àṣẹ.

Ohun tó ṣiṣẹ́ rèé: mo tẹ ìwé páàkì náà jáde, mo gbé e lọ sí tésàn ọlọ́pàá tó ni àdúgbò páàkì yẹn, kì í ṣe èyí tó wà nítòsí ilé mi o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fúnni ní àṣẹ spíkà; $45 ni fún ọjọ́ kan. Ẹ lọ, ó kéré tán, ní ọjọ́ 5 ṣáájú. Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé àṣẹ spíkà náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá dé, ó kà á, ó kí Màmá, ó lọ. Ìlú mìíràn lè ní òfin tirẹ̀.