Ọ́kíìdì Níbi Tí Ooru Ti Ń Mú: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Ojoojúmọ́ ni mo ń bomi rin Phalaenopsis mi (irú òdòdó ọ́kíìdì kan), síbẹ̀ ńṣe ni ewé rẹ̀ ń rọ tó sì ń hunjọ. Ṣé kí n fi kún omi rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má fi kún un rárá. Òótọ́ ni pé òùngbẹ ń gbẹ ewé náà, ṣùgbọ́n ó jọ pé gbòǹgbò tí ì bá fa omi sókè fún un ti jẹrà. Ara igi ni irú ọ́kíìdì yìí ń dì mọ́ nínú igbó, níbi tí òjò ti ń rẹ gbòǹgbò rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ sì ń gbẹ ẹ́ láìpẹ́. Bí a bá wá rì í mọ́ inú ilẹ̀ tó tutù nígbà gbogbo, kò ní rí èémí mí. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò, kí ẹ fi ìka tẹ gbòǹgbò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá le ṣì wà láàyè. Èyí tó bá rọ̀, tí awọ rẹ̀ bọ́ sí yín lọ́wọ́ tó wá ku fọ́nrán tín-ín-rín láàárín, ti kú, ẹ fi abẹ tó mọ́ gé e kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un gbìn sínú èèpo igi tí a gé wẹ́wẹ́ tàbí èédú, nínú ìkòkò tó ní ihò nídìí. Láti ìgbà náà lọ, gbòǹgbò ni kí ẹ máa wò kí ẹ tó bu omi: bí ó bá ṣì ní àwọ̀ ewé, omi ṣì wà lára rẹ̀, bí ó bá ti funfun bí fàdákà, ó ti tó àkókò láti bomi rin ín. Ẹ má sì jẹ́ kí omi dúró sí àárín ewé mọ́jú, nítorí ibẹ̀ náà máa ń rà.

Ìbéèrè: Ewé Phalaenopsis tèmi dúdú minimini, ṣùgbọ́n kò tanná. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ìmọ́lẹ̀ ni kò tó. Ewé tó dúdú báyẹn wuni lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewé ọ́kíìdì tó ń rí ìmọ́lẹ̀ dáadáa máa ń mọ́ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn òwúrọ̀ yóò ti máa kàn án, ẹ má sì gbé e sínú oòrùn ọ̀sán lójijì, kó má baà jó. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tó tí kò sì tanná, ooru àpọ̀jù ló kù tí a lè fura sí. Bí ibi tó wà bá ń gbóná ju 28°C lọ lọ́sàn-án àti lóru, ewé nìkan ni Phalaenopsis yóò máa yọ.

Ìbéèrè: Irú ọ́kíìdì wo ni kí n rà nígbà náà, bí ooru bá ń mú níbi tí mò ń gbé?

Ìdáhùn: Dendrobium tí ìran rẹ̀ wá láti ara Dendrobium bigibbum ni mo fara mọ́ jù, nítorí ooru bá a lára mu. Vanda náà fẹ́ràn ooru, àmọ́ ojoojúmọ́ ni gbòǹgbò rẹ̀ tó wà ní gbangba ń fẹ́ omi. Ẹ fi Cymbidium olódòdó ńlá sílẹ̀. Òtútù òru ló fi ń tanná.

Ìbéèrè: Ọ̀pá Dendrobium mi kan ti wọ́wé tán. Ṣé kí n gé e?

Ìdáhùn: Bí ó bá ṣì le tí kò sì tíì gbẹ, ẹ fi í sílẹ̀. Inú rẹ̀ ni oúnjẹ àti omi tí ọ̀pá tuntun ń fà wà, òun fúnra rẹ̀ sì tún lè yọ òdòdó.