Bí A Ṣe Ń Sẹ́ Gúrù Bí Ẹni Ń Sẹ́ Ògì

Ògì ni ìyá mi ń tà ní Òṣogbo títí ó fi kú. Bó ti wù kó kánjú tó, kò da àgbàdo lílọ̀ sínú ìkòkò láìsẹ́ ẹ. Nígbà tí mo dé Mathura ní Íńdíà láti kọ́ iṣẹ́ apòògùn, mo gbọ́ òwe kan lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀ tó mú mi rántí asẹ́ rẹ̀: pani pije chhan ke, guru kije jan ke. Sẹ́ omi kó o tó mu ún, mọ gúrù kó o tó gbà á.

Gúrù ni ẹni tó ń tọ́ni sọ́nà Ọlọ́run. Bó bá gbà yín ní ọmọ ẹ̀yìn, yóò sọ mántrà, ọ̀rọ̀ mímọ́ tí a máa ń pè lápètúnpè, sí yín létí, ẹ óò sì máa fi ìlẹ̀kẹ̀ igi tulasi oníkóró 108 ka orúkọ Krishna, Ọlọ́run tí ọ̀pọ̀ Híńdù ń sìn, lójoojúmọ́. Lójú àwa tó ń sin Krishna, kò sí bí èèyàn ṣe lè dé ọ̀nà náà láìsí gúrù. Ibẹ̀ gan-an ni olè ti ń bá wa wọlé. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ bó ṣe wọlé tèmi, kí ẹ má bàa rò pé àwọn òpè nìkan ni wọ́n ń mú.

Ọdún kejì ni mo wà nígbà tí ìyá mi kú. Owó bàálù kò sí. Orí fóònù ni mo ti wo bí wọ́n ṣe gbé e sínú ilẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ onílé mi ní kí a lọ sí Vrindavan, ìlú tí Krishna ti ṣeré nígbà èwe rẹ̀. Kò jìnnà, Márúwá ń ná an láti Mathura. Bàbá kan jókòó nínú ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí àwọn olùfọkànsìn máa ń rìn yí ìlú náà ká. Ó wọ́n nǹkan tó rí bí òróró sórí eérú nínú àwo, ó di ojú, ó ń ka mántrà lábẹ́lẹ̀. Kò pẹ́, èéfín rú, iná sọ. Kò sí ìṣáná. Ó la ojú, ó ní, "Inú ìyá rẹ kò dùn pé o ò wá sin òun." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Apòògùn mà ni mí o! Ní ọdún kìíní la ti da glycerine sórí potassium permanganate nínú yàrá àyẹ̀wò, tí iná sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé. Ìmọ̀ kẹ́míkà náà wà lórí mi lọ́jọ́ yẹn. Ọkàn mi ni kò sí nílé.

Mo fi rupee 5,100 sílẹ̀. (Àwọn ará ibẹ̀ kì í fẹ́ fi owó gbáko tọrẹ, wọ́n á lé e díẹ̀ kó má bàa dà bí ohun tó ti parí.) Lọ́sẹ̀ kejì, 11,000 fún ètùtù. Lẹ́yìn oṣù kan, 21,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 37,100, owó ilé-ẹ̀kọ́ mi ló sì wà nínú rẹ̀. Nígbà kẹrin ó ní kí n mú páṣípọ́ọ̀tù mi wá, kó sùn lẹ́sẹ̀ ère Krishna fún ọjọ́ méje.

Ara yín ni kí ẹ kọ́kọ́ sẹ́

Kí ẹ tó wo gúrù kankan, ẹ mú bébà kan, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má fi ara yín ṣe ẹni mímọ́. Bó bá jẹ́ físà, ẹ kọ físà. Bó bá jẹ́ ọkọ, ọmọ, ìwòsàn, ẹ kọ ọ́. Èmi ì bá kọ pé: mo fẹ́ kí ìyá mi dárí jì mí. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ yẹn pé òun bá a sọ̀rọ̀ ni ǹ bá tẹ̀ lé, ìbáà jẹ́ alágbàfọ̀ àdúgbò. Ohun tí mo ń wá ni bàbá náà tà fún mi. Kò fi agbára gba nǹkan kan.

Ìdààmú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nínú Bhagavad Gita, ìwé mímọ́ tí Krishna ti ń bá jagunjagun kan tó ń jẹ́ Arjuna sọ̀rọ̀, orí 7, ẹsẹ 16, Krishna sọ fún un pé oríṣi èèyàn mẹ́rin ló ń wá sọ́dọ̀ òun: ẹni tí ìpọ́njú bá, ẹni tó fẹ́ mọ̀, ẹni tó ń wá ọrọ̀, àti ẹni tó ti mọ̀. Ó pe gbogbo wọn ní ẹni rere. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: ọ̀dọ̀ òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n wá. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń gba owó ìwọlé kò sí nínú ẹsẹ yẹn. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá kọ sórí bébà náà, ẹ gbé e lọ síwájú Krishna ní tààrà, nínú ilé yín, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà tí ẹ bá ti kó ẹrù yẹn sọ̀ síbẹ̀ ni kí ẹ tó máa wá olùkọ́.

Ìtàn kan wà nínú ìwé kẹwàá Bhagavata Purana, ìwé mímọ́ tó sọ ìtàn Krishna, tí mo fẹ́ràn láti máa sọ. Ọba kan wà tó ń jẹ́ Paundraka. Àwọn tó yí i ká ń pọ́n ọn pé òun gan-an ni Vasudeva, Olúwa ayé tó sọ̀kalẹ̀ wá. Ó gbà wọ́n gbọ́. Ó wá ìkarahun, ó wá àwo ìjà, ó múra bíi Krishna, ó wá ránṣẹ́ sí Krishna ní Dwaraka, ìlú rẹ̀, pé kó bọ́ orúkọ Vasudeva náà sílẹ̀, òun lòun ni ín. Àwọn ará ààfin rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí Krishna dé ojú ogun tó rí i, ó dà bí eléré orí ìtàgé lójú rẹ̀, òun náà sì rẹ́rìn-ín kó tó bẹ́ ẹ lórí. Ta ló kọ́kọ́ pa irọ́ náà? Kì í ṣe ọba. Àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Nígbà tí mo wà lẹ́yìn bàbá oníná yẹn, èmi náà mú ọmọ kíláàsì mi méjì wá bá a. Mo sọ fún wọn pé mo fi ojú ara mi rí i.

Ta ló sọ fún un?

Bó bá mọ ohun kan nípa yín, ẹ jókòó, ẹ ka iye ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Tèmi kò le: ọmọ onílé mi mọ̀ pé ìyá mi kú, òun ló sì mú mi lọ. Mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ń gba tirẹ̀ nínú owó náà.

Àwọn ọ̀bọ Vrindavan máa ń já awò ojú mọ́ èèyàn lójú, wọ́n á gbé e gun òrùlé. Ẹ kò ní pẹ́ rí ọmọkùnrin kan tí yóò yọ sí yín. Ẹ fún un lówó, yóò ju omi mángòrò inú páálí sí ọ̀bọ, ọ̀bọ á sì ju awò sílẹ̀. Mi ò sọ pé ọmọ náà ló rán ọ̀bọ níṣẹ́ o. Mo kàn ń sọ pé kò sí ìgbà tí mo rí i tó jìnnà síbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó mọ ọ̀ràn yín ló máa mú yín lọ sọ́dọ̀ gúrù. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ ìyanu, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì dọ̀bálẹ̀ fún un. Eérú mímọ́ tó ń jáde láti ọwọ́ òfìfo, wọ́n ti rọ ọ́ bíi kóró oògùn sí àárín ìka ni, wọ́n á wá fi àtàǹpàkò rún un. Ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni, kí ni iná tó dá sọ fẹ́ fi kọ́ mi nípa ìfẹ́ Krishna?

Ẹ fún un ní ọdún kan

Ìwé ìlànà ìjọsìn kan wà tí wọ́n ń pè ní Hari-bhakti-vilasa. Orúkọ Gopala Bhatta Goswami ló wà lórí rẹ̀, ẹni tó gbé ère Krishna tí wọ́n ń pè ní Radha Raman kalẹ̀ ní Vrindavan ní 1542. Ìwé náà sọ pé kí gúrù àti ẹni tó fẹ́ di ọmọ ẹ̀yìn kọ́kọ́ wà pa pọ̀ fún ọdún kan, kí oníkálukú mọ ìwà èkejì. Ọdún kan gbáko! Bàbá tèmi gbà mí ní ọmọ ẹ̀yìn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, inú mi sì dùn pé mo yàtọ̀ sí àwọn yòókù.

Nínú ọdún náà, ìbéèrè ni iṣẹ́ yín. Gita orí 4, ẹsẹ 34, sọ bí a ṣe ń gba ìmọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti rí òtítọ́: ká foríbalẹ̀, ká béèrè, ká sìn. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ẹni tó bá ní kí ẹ foríbalẹ̀ kí ẹ sì sìn, tó wá ń bínú sí ìbéèrè, ọbẹ̀ yín ló fẹ́ dà. Ẹ béèrè ohun tí kò yé yín. Ẹ béèrè ẹni tó jẹ́ gúrù tirẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí owó ń wọlé sí àti ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹ wá máa wo bí ojú rẹ̀ ṣe ń rí nígbà tó ń dáhùn.

Ẹ dé ilé ìdáná rẹ̀, kí ẹ wo bó ṣe ń bá ẹni tó ń fọ àwo sọ̀rọ̀ nígbà tí àlejò kò sí.

Ẹ wo ilẹ̀kùn pẹ̀lú. Gúrù tó bá ní obìnrin tàbí ọmọdé gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú òun nínú yàrá, ẹ má dúró gbọ́ ìdí rẹ̀. Ní 2013, wọ́n mú Asaram, tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ káàkiri Íńdíà. Ọmọ ọdún 16 ni ọmọbìnrin náà. Wọ́n ti sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé ẹ̀mí búburú ló ń dà á láàmú. Ọmọ ẹ̀yìn ni àwọn náà, wọ́n sì mú un lọ sí ibùdó Asaram nítòsí Jodhpur fún ìwòsàn. Nígbà tí ọmọ náà sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, àwọn òbí kan náà gbà á gbọ́, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọlọ́pàá. Ilé-ẹjọ́ Jodhpur rán Asaram lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére ní oṣù kẹrin 2018. Mo máa ń ronú nípa bàbá ọmọbìnrin yẹn ju bí mo ṣe ń ronú nípa Asaram lọ.

Àwọn kan á ní kí ẹ kàn wo ìran gúrù, pé bí gúrù tó kọ́ ọ bá dára, òun náà dára. Ìran ṣe pàtàkì, àmọ́ kò tó. Bhaktivedanta Swami dá ẹgbẹ́ Hare Krishna sílẹ̀ ní New York ní 1966, ó sì kú sí Vrindavan ní 1977. Àwọn 11 nínú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bọ́ sí ipò gúrù. Ọ̀kan nínú wọn, Kirtanananda, tó ní ibùdó ńlá ní West Virginia ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ náà lé e ní 1987, ní 1996 ó sì gbà ní kóòtù pé òun jẹ̀bi ìwà ọ̀daràn. Òun nìkan kọ́ ló ṣubú nínú wọn.

Bí ẹ bá ti wà nínú rẹ̀

Kò rọrùn láti jáde, owó kọ́ ló ń dáni dúró. Bí mo bá gbà pé olè ni bàbá náà, a jẹ́ pé ìyá mi kò rán nǹkan kan sí mi. N óò tún sin ín lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi padà lọ ní ìgbà kẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ti ń fu mí. Bí ẹ bá ní ẹnìkan nínú irú ibẹ̀, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bi í ní ohun tí yóò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá kúrò.

Ohun tí ẹ máa ṣe gan-an: ẹ gba ìwé yín kọ́kọ́, páṣípọ́ọ̀tù, ìwé ilẹ̀, ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún ẹnìkan tí kò sí nínú agbo náà. Ẹ má lọ dágbére. Ibi ìdágbére ni wọ́n ti ń mú èèyàn padà. Bó bá jẹ́ pé ó fọwọ́ kan ọmọdé tàbí ó fipá bá ẹnikẹ́ni lò, ẹ má gbé e lọ bá àwọn àgbà tẹ́ńpìlì kí wọ́n bá yín yanjú ẹ̀, ọlọ́pàá ni. Ní Íńdíà, 112 ni nọ́ńbà náà.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ kíkọ gúrù sílẹ̀ dẹ́rù bà yín. Nínú Mahabharata, ìtàn ogun ńlá àwọn Híńdù, jagunjagun àgbà kan tó ń jẹ́ Bhishma sọ ọ́ sójú Parashurama, olùkọ́ ara rẹ̀: gúrù tó bá ń gbéra ga, tí kò mọ ohun tó yẹ yàtọ̀ sí ohun tí kò yẹ, tó ti ṣìnà, kíkọ̀ sílẹ̀ ló tọ́ sí i.

Mi ò mú páṣípọ́ọ̀tù náà lọ. Mo ju ìlẹ̀kẹ̀ sínú àpótí, mi ò ka orúkọ kankan fún ìgbà pípẹ́. Opó kan láti Bengal, tó máa ń kọrin ní àárọ̀ nínú ilé àwọn opó ní Vrindavan, ló bi mí ìdí tí n kò fi wá mọ́. Mo ní, "Maiya (ìyá), olè ló fún mi ní mántrà náà." Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ kékeré. "Beta (ọmọ mi), olè gbé kèrègbè lọ. Ṣé ó gbé odò Yamuna lọ ni?"

Mo ti ń ṣe ìwé gboyè kejì báyìí, ní Mathura náà. Olùkọ́ kan wà tí mo ń lọ jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bi í ní ìbéèrè kan lórí ọ̀rọ̀ àwọn òkú, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Èyí kò yé mi dáadáa. Jẹ́ kí n lọ wò ó." Oṣù mẹ́rin ló kù kí ọdún kan pé.