Bẹ́ ẹ ṣe lè máa yọ lára owó mẹ́ńbà fún àjọ aláàánú láì jẹ́ kó dìjà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bísínẹ́ẹ̀sì kékeré táwọn èèyàn ń sanwó mẹ́ńbà sí, bóyá jíìmù ni o, bóyá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ni, tó bá ń wù yín láti máa yọ díẹ̀ níbẹ̀ fáwọn aláìní, ẹ má tíì ronú àjọ tẹ́ ẹ máa fún. Ẹ kọ́kọ́ yanjú ibi tẹ́ ẹ ti máa yọ ọ́: ṣé lára owó tó wọlé ni àbí lára èrè?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní mẹ́ńbà 40 ló ń san 50 lóṣù, 2000 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá yọ 5% lára owó tó wọlé, 100 ni. Tó bá jẹ́ èrè ńkọ́, tẹ́ ẹ ti san owó ilé, owó òṣìṣẹ́, owó iná, tó wá ku 200, 10 péré làjọ yẹn máa rí. 5% ni wọ́n ń pe méjèèjì o! Mẹ́ńbà tó bá sì gbọ́ "5% lára owó yín", 100 ló wà lọ́kàn ẹ̀. Ẹgbẹ́ 1% for the Planet, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ owó fáwọn tó ń dáàbò bo àyíká, tí Yvon Chouinard àti Craig Mathews dá sílẹ̀ lọ́dún 2002, owó ọjà tí iléeṣẹ́ bá tà lọ́dún ni wọ́n fi ń ṣírò 1% tiwọn, kì í ṣe èrè, mo sì fara mọ́ ọn gan-an. Tí 5% bá wúwo, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 tàbí 2, ìyẹn sàn ju kẹ́ ẹ kéde 10 kẹ́ ẹ wá já a wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún un. Mo ti da gbogbo owó pọ̀ sójú kan rí, ẹ̀rọ wá bà jẹ́ lóṣù kan, mo bù níbẹ̀, mo ní màá dá a padà, ìgbà tí mẹ́ńbà kan wá ní kí n jẹ́ kóun rí rìsíìtì oṣù mẹ́fà, mo la ìwé báńkì sílẹ̀ mi ò rí nǹkan kan sọ, ó dùn mí gan-an. Látìgbà yẹn, ọjọ́ tí 50 bá wọlé náà ni 2.50 ń kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó bá san 600 fún odidi ọdún, ẹ má fi 30 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, 2.50 náà ni kẹ́ ẹ máa yọ lóṣooṣù, torí tó bá lọ lóṣù kẹrin tó ní kẹ́ ẹ dá owó òun tó kù padà, ẹ ò lè lọ gbà á lọ́wọ́ àjọ.

Tó bá wá kan àjọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú rẹ́jísítà ìjọba, nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè, kí orúkọ àkáǹtì sì jẹ́ ti àjọ, kì í ṣe tẹnì kan. Ẹ lè jẹ́ káwọn mẹ́ńbà dìbò láàárín méjì tàbí mẹ́ta tẹ́ ẹ ti yẹ̀ wò, àmọ́ ẹ má máa yí i lóṣooṣù, àjọ tó mọ̀ pé 300 ń bọ̀ ní gbogbo oṣù mẹ́ta á lè fi nǹkan kan lélẹ̀.

Ẹ jọ kọ ìwé àdéhùn, kẹ́ ẹ sì gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó lo orúkọ tàbí lógò wọn. Nílẹ̀ England, òfin Charities Act ọdún 1992 sọ pé ilé ìtajà tó bá ń sọ fáwọn oníbàárà pé lára owó wọn ń lọ sí àjọ gbọ́dọ̀ ní àdéhùn lórí ìwé, kó sì sọ iye tó ń lọ. Ọ̀rọ̀ owó orí, ẹ bi akáúńtáǹtì yín.

Níbi tí wọ́n ti ń sanwó, ẹ kọ ọ́ kó yéni: "Nínú 50 tẹ́ ẹ bá san, 2.50 ń lọ sí àjọ báyìí, oṣù mẹ́ta mẹ́ta la ń fi ránṣẹ́." Tẹ́ ẹ bá fowó kún owó mẹ́ńbà nítorí ẹ̀, ẹ sọ fún wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi rìsíìtì hàn wọ́n. Ìgbà kan wà tí tiwa kéré gan-an torí mẹ́ńbà púpọ̀ ti lọ, mo kọ iye ẹ̀ bó ṣe rí, mo so rìsíìtì mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó bínú, ẹni méjì tiẹ̀ béèrè báwọn ṣe lè fi tiwọn kún un.