Àwọn àṣìṣe tó ń ba ìrìnàjò òpin ọ̀sẹ̀ jẹ́ láti Àbújá lọ sí Yánkárí

Bí iṣẹ́ ọ́fíìsì àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá ti sú àwa Yorùbá tó ń gbé Àbújá, Yánkárí ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Inú igbó ọba yìí, ní ìpínlẹ̀ Bauchi, ni agbo erin tó pọ̀ jù lọ tó ṣẹ́kù ní Nàìjíríà wà, ìsun omi Wikki tó wà níbẹ̀ sì ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ tọ̀sán-tòru, tọyẹ́-tòjò. Síbẹ̀, àwọn kan ń lọ, wọ́n ń padà wá, wọ́n ń sọ pé àwọn ò rí nǹkan kan ju ọ̀bọ lọ. Ẹranko ò ṣàì sí níbẹ̀. Aago ìlú ni wọ́n gbé wọnú igbó.

Ibi tí àṣìṣe náà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kí èèyàn ní òun á ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì kí òun tó gbéra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ẹni tó bá kúrò ní Wúsè ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àfàìmọ̀ kí ilẹ̀ má ṣú bá a ní Máràrábá, kò sì tíì dé Keffi. Lẹ́yìn Keffi, Akwanga ló kàn, kó tó kan Jos, kó tó wá di Bauchi. Láti Bauchi, ọ̀nà Gombe lẹ máa gbà dé Dindima kí ẹ tó yà sí Mainamaji tí ẹnu ọ̀nà igbó wà, àti ẹnu ọ̀nà yẹn dé Wikki, níbi tí yàrá àlejò wà, ṣì lé ní 40 kìlómítà. Odindi ọjọ́ kan ni ìrìnàjò yìí. Ẹ gba ààyè níbi iṣẹ́, kí ẹ gbéra ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, kí ilẹ̀ má sì ṣú bá yín lójú pópó. Ẹ pe ẹni tó gba ọ̀nà náà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kì í ṣe ẹni tó lọ lọ́dún tó kọjá. Bí wọ́n bá kéde kónílé-ó-gbélé lójú ọ̀nà, tàbí tí ìròyìn ibẹ̀ ò dára, ẹ sún un síwájú. Igbó ò níí sá lọ.

Àwọn mìíràn máa ń lọ bèèrè yàrá lọ́wọ́ àjọ tó ń ṣàkóso ọgbà ìpamọ́ ẹranko ìjọba àpapọ̀, torí pé Àbújá níbí ni olú ilé-iṣẹ́ wọn wà. Yánkárí ò sí lábẹ́ wọn mọ́. Lóòótọ́, ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ọgbà tiwọn, ṣùgbọ́n lọ́dún 2006 ó padà sọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Bauchi. Bauchi ni kí ẹ pè, kí ẹ sì pè kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tó bá sì ní òpin ọ̀sẹ̀ lòun máa fi lọ Gashaka-Gumti, ọgbà ẹranko mìíràn tó ṣì wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, kó lọ wá ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ààlà Taraba àti Adamawa lọ́hùn-ún nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àsìkò tún wà níbẹ̀. Nínú oṣù Ògústù, koríko á ti ga bo erin mọ́lẹ̀, omi á wà káàkiri, ẹranko ò sì ní ìdí kankan láti wá sódò. Láti òpin Nòfẹ́ńbà títí di Épírì ló dáa jù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti le, tí àbàtà ti gbẹ, etí odò Gaji ni erin, ẹfọ̀n àti òtòlò ń wá mumi. Bí ẹ bá lọ nígbà ọyẹ́, ẹ mú aṣọ òtútù dání, torí orí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé àlejò lọ wo ẹranko, tí ò ní fèrèsé, lẹ máa jókòó sí láàárọ̀.

Àárọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn ará ìlú á sùn títí di aago mẹ́sàn-án, wọ́n á jẹ dòdò àti ẹyin, wọ́n á wá ní kí wọ́n gbé àwọn lọ wo erin. Nígbà tí oòrùn bá ti mú, ẹranko ti wọ ibòji. Ọkọ̀ òwúrọ̀ ni kí ẹ wọ̀, tàbí ti ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ igbó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Á ní kí dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì, á wo ìgbẹ́ erin lójú ọ̀nà bóyá ó ṣì tutù, á wo igi tí wọ́n bó èèpo rẹ̀ bóyá omi ara rẹ̀ ò tíì gbẹ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, erin ò jìnnà. Bí ẹnì kan bá tan orin lórí fóònù lásìkò yẹn, ó parí. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Ẹni tó bá ń pariwo nínú ọkọ̀, fìrí náà ni yóò rí. Ẹ má sì sọ̀ kalẹ̀ torí fọ́tò, pàápàá bí ìyá erin bá wà pẹ̀lú ọmọ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni oúnjẹ tí àwa èèyàn ń fún babúùn, àwọn ọ̀bọ ńlá tó kún àgbègbè Wikki. Ọmọ á ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ká a sórí fóònù. Ẹranko náà ti mọ̀ báyìí pé ọ̀rá lọ́wọ́ èèyàn, oúnjẹ ni. Kò ní bèèrè mọ́, á já a gbà lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíì tó dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ehín akọ wọn sì gùn, ó mú. Wọ́n mọ ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n mọ síìpù báàgì fà: wọ́n á fi ọmọ ìka wo ibi tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fà á wẹ́rẹ́. Ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé yàrá pa, kódà bó jẹ́ ilé ìwẹ̀ lẹ ń lọ. Ẹ má jẹun létí omi Wikki.

Ẹ má wọ aṣọ búlúù tàbí dúdú, torí eṣinṣin tsetse, tó ń mu ẹ̀jẹ̀, fẹ́ràn àwọ̀ méjèèjì. Ẹ mú owó sàn-án dání, kí ẹ rọ epo kún táǹkì ní Bauchi, kí ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì.

Ẹni tó bá ní láti wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kó kúrò ní Wikki ní kùtù ọjọ́ Àìkú. Bí ẹ bá rí ọjọ́ Ajé gbà pẹ̀lú, ẹ lo ọjọ́ Àìkú níbẹ̀, kí ẹ ní kí ẹ̀ṣọ́ mú yín dé kànga Dukkey. Kànga 139 ni, tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́, tí wọ́n sì la ọ̀nà omi láti inú ọ̀kan sí èkejì lábẹ́ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò ń padà sílé láìmọ̀ pé ó wà.